Láti kíláàsì 20 sí 600: kí lẹ máa kọ́kọ́ sọ di púpọ̀?

Ìbéèrè: Ẹgbẹ́ wa ní kíláàsì 20 fún àwọn ọmọ ọdún 9 sí 14 tí wọn kò lọ sílé-ìwé rí, tàbí tí wọ́n ti fi í sílẹ̀. Ọ̀sán ni wọ́n ń wá, lẹ́yìn iṣẹ́. Àwọn ọmọ náà ń mọ̀wé. Ilé-iṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ ti wá wò wá, inú wọn dùn, wọ́n ní kí a sọ ọ́ di 600 láàárín ọdún mẹ́ta. Ẹ̀rù ń bà wá díẹ̀. Báwo la ṣe máa mú un gbòòrò tí kò fi ní bàjẹ́? Ọ̀kan nínú wa tilẹ̀ ń sọ pé ilé-ìwé àwọn tálákà là ń kọ́, pé kí ìjọba kúkú fi owó náà tún ilé-ìwé tirẹ̀ ṣe. Kí lẹ rí sí i?

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́, ẹ sì kú àfaradà. Kí ọmọ tó ti ń ṣiṣẹ́ láti òwúrọ̀ wá jókòó lọ́sàn-án, kó sì mọ̀wé kà, kì í ṣe ohun kékeré.

Ẹ má tíì fọwọ́ sí 600 náà. Kì í ṣe pé iye náà pọ̀ jù. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ àìní tó wà nílẹ̀, díẹ̀ ni: ní 2023, UNESCO ṣírò pé nǹkan bíi mílíọ̀nù 250 ọmọdé àti ọ̀dọ́ ni kò sí nílé-ìwé káàkiri ayé. Ìdí tí mo fi ní kí ẹ ṣe sùúrù ni pé kò sí ohun tó rọrùn láti sọ di púpọ̀ bíi kíláàsì. Yàrá kan, ẹní, pátákó ìkọ̀wé, olùkọ́ kan, ọmọ ọgbọ̀n: bí owó bá wà, ẹ lè ṣí ọgọ́rùn-ún irú rẹ̀ láàárín oṣù mẹ́fà. Ṣùgbọ́n àwọn wọ̀nyí kọ́ ló mú kí 20 tiyín dára. Ẹni tó ń lọ wo kíláàsì náà ni, tó tún ń padà lọ, tó sì mọ ohun tó ń wò. Òun ni kí ẹ kọ́kọ́ sọ di púpọ̀, kí kíláàsì máa tẹ̀ lé e lẹ́yìn.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní orílẹ̀-èdè méjì tí wọ́n jọ pààlà ni mo fi máa ń ṣàlàyé ọ̀rọ̀ yìí. Íńdíà bẹ̀rẹ̀ ètò ẹ̀kọ́ lẹ́yìn odi ilé-ìwé ní nǹkan bí 1979 fún àwọn ọmọ tí iṣẹ́ tàbí ìtọ́jú àbúrò kò jẹ́ kí wọ́n lọ sílé-ìwé. Èrò náà dára. Wákàtí bíi méjì lójúmọ́, ní àsìkò tó bá àwọn ọmọ lára mu, ní àdúgbò wọn, lọ́wọ́ ẹni tí wọ́n mọ̀. Nígbà tó fi di àárín àwọn ọdún 1990, irú ilé-ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ ti ju ẹgbẹ̀rún lọ́nà 200 lọ. Lórí ìwé ni. Owó táṣẹ́rẹ́ ni wọ́n ń fún olùkọ́, ó sì máa ń pẹ́ kó tó tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Ìwé àti síléètì ń pẹ́ dé. Ẹni tó yẹ kó máa bẹ̀ wọ́n wò kì í sábà débẹ̀. Àwọn olùkọ́ rẹ̀wẹ̀sì, àwọn ọmọ sì ń dín kù, ṣùgbọ́n ìròyìn tó ń lọ sókè kò dín kù. Ní nǹkan bí 2000, ìjọba fi ètò mìíràn rọ́pò rẹ̀.

Ní Bangladesh, ẹgbẹ́ BRAC, tí Fazle Hasan Abed dá sílẹ̀ ní 1972, ṣí ilé-ẹ̀kọ́ 22 ní 1985. Yàrá kan ṣoṣo ni ọ̀kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ọmọ bí ọgbọ̀n, tí púpọ̀ nínú wọn jẹ́ ọmọbìnrin. Obìnrin kan láti àdúgbò náà ló ń kọ́ wọn, ẹni tó ka ìwé fún bí ọdún mẹ́sàn-án tàbí mẹ́wàá, tí kò ní oyè olùkọ́. Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tó gbà kó tó bẹ̀rẹ̀ kò ju bí ọ̀sẹ̀ méjì lọ. Olùkọ́ kan náà ló ń mú àwọn ọmọ kan náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ní ìparí àwọn ọdún 1990, ilé-ẹ̀kọ́ wọ̀nyí ti lé ní 30,000.

Bí ẹ bá gbé olùkọ́ Íńdíà àti ti Bangladesh wọ̀nyí sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, ìyàtọ̀ tẹ́ ẹ máa rí kò tó nǹkan. Àwọn méjèèjì kì í ṣe olùkọ́ tó gba oyè, owó méjèèjì kéré, yàrá méjèèjì rí gátagàta. Ohun tó yàtọ̀ wà lẹ́yìn olùkọ́. Ti BRAC ní ẹni kan tó ń bójú tó nǹkan bí ilé-ẹ̀kọ́ 15, tó ń dé ọ̀dọ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Lóṣooṣù, gbogbo olùkọ́ agbègbè kan máa ń péjọ fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ráńpẹ́, wọ́n á mú ohun tó ṣòro fún wọn wá, wọ́n á jọ ṣe ẹ̀kọ́ oṣù tó ń bọ̀. Àwọn òbí náà ń ṣe ìpàdé tiwọn. Olùkọ́ tó gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọ̀sẹ̀ méjì péré ní ìbẹ̀rẹ̀ yóò ti gba púpọ̀ sí i kí ọdún kẹta tó pé, díẹ̀díẹ̀, lórí iṣẹ́.

Ó yẹ kí n sọ ohun tí àbẹ̀wò jẹ́, torí ọ̀pọ̀ ètò ló ní alábẹ̀wò tí kò ṣe ju kó ka orí àwọn ọmọ, kó fọwọ́ sí rẹ́jísítà, kó gun alùpùpù rẹ̀ máa lọ.

Alábẹ̀wò tó mọ iṣẹ́ kì í jókòó níwájú. Ó máa ń lọ sẹ́yìn, sáàárín àwọn ọmọ tí kì í nawọ́ sókè. Ó ń gbé ìwé wọn ṣí. Bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta bá kọjá tí kò sí àmì gègé olùkọ́ nínú ìwé ọmọ kan, ó ti mọ ìbéèrè tó máa bi. Lẹ́yìn náà, yóò ní kí ọmọ kan kàwé fún òun. Ẹ ṣọ́ra níbí. Mo ti rí ọmọ tó ń kàwé ketekete, tí ohùn rẹ̀ ń dún dáadáa, tí ìka rẹ̀ wà lórí ìlà kẹta nígbà tí ẹnu rẹ̀ ti dé ìlà karùn-ún. Ó ti há gbogbo ojú ìwé náà sórí. Nígbà tí alábẹ̀wò ṣí ojú ìwé tí wọn kò tíì kọ́, tí ọ̀rọ̀ ibẹ̀ kò sì le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ọmọ náà dákẹ́. Ó mọ lẹ́tà. Kò mọ bí wọ́n ṣe ń so wọ́n pọ̀ di ọ̀rọ̀. Olùkọ́ náà kò mọ̀ bẹ́ẹ̀, torí gbogbo kíláàsì máa ń kà á pa pọ̀, ohùn àwọn tó mọ̀ ọ́n sì ń bo ti àwọn tí kò mọ̀ ọ́n mọ́lẹ̀.

Ohun tí alábẹ̀wò ṣe lẹ́yìn náà ló ṣe pàtàkì jù. Kò bá olùkọ́ wí lójú àwọn ọmọ. Ó bẹ̀ ẹ́ pé kó fún òun ní ṣọ́ọ̀kì, ó kọ sílébù mélòó kan sójú pátákó, ó ní kí àwọn ọmọ máa so wọ́n pọ̀ ní méjìméjì kí wọ́n tó pè é jáde, ó sì pe ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan láti ẹ̀yìn. Bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá ló fi ṣe é, olùkọ́ ń wò. Nígbà tí àwọn ọmọ lọ tán, àwọn méjèèjì jókòó, wọ́n fẹnu kò sórí ohun kan ṣoṣo tí olùkọ́ máa gbìyànjú títí di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ohun yẹn gan-an sì ni alábẹ̀wò kọ́kọ́ béèrè nígbà tó padà dé. Bí kò bá padà, asán ni gbogbo ohun tó ṣe ní ọjọ́ àkọ́kọ́.

Ní kíláàsì 20, ẹ̀yin olùdásílẹ̀ lẹ̀ ń ṣe iṣẹ́ yìí, ó sì lè jẹ́ pé ẹ ò kà á sí iṣẹ́. Ẹ mọ olùkọ́ kọ̀ọ̀kan, ẹ mọ ẹni tí ara ọmọ rẹ̀ kò yá, ẹ mọ kíláàsì tí òjò ń jò sí. Ohun tí ilé-iṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ rí tó wù wọ́n nìyẹn, àmọ́ kò sí nínú ìwé ìnáwó tẹ́ ẹ fún wọn. Bó bá di 600, kò sí bẹ́ ẹ ṣe lè dé gbogbo ibẹ̀.

Òdiwọ̀n kan wà tí ẹ lè gbé lé wọn lórí tábìlì. Ní oṣù kejì 2005, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ìmọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà láti orílẹ̀-èdè púpọ̀ péjọ sí Àbújá, lábẹ́ àwọn ẹgbẹ́ ActionAid àti Global Campaign for Education, wọ́n sì fohùn ṣọ̀kan lórí òdiwọ̀n 12. Ẹ̀kọ́ àgbà ni wọ́n ń sọ, ṣùgbọ́n mélòó kan nínú rẹ̀ bá tiyín mu: alábẹ̀wò kan fún kíláàsì 15, kan fún 10 níbi tó jìnnà, àbẹ̀wò kan lóṣù ó kéré tán, kí owó olùkọ́ má sì kéré sí owó tó kéré jù lọ tí olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ń gbà fún iye wákàtí tó fi ṣiṣẹ́. Lójú tèmi, àbẹ̀wò kan lóṣù kò tó fún ọmọdé. Ẹ máa wá ìkan lọ́sẹ̀ méjì. Ṣùgbọ́n ẹ ṣírò rẹ̀: 600 fẹ́ alábẹ̀wò 40, tàbí 60 bí ọ̀nà bá jìn. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ náà bóyá 40 yẹn wà nínú ìṣirò wọn. Mo lè fẹ́rẹ̀ẹ́ dá yín lóhùn pé kò sí níbẹ̀.

Bóyá ẹnìkan á sọ pé ìjọba ló ń bọ̀ wá ṣe é, ìjọba ní òṣìṣẹ́ tó pọ̀. Ẹ wo Kẹ́ńyà. Níbẹ̀, ìwádìí ti fi hàn ní agbègbè kan pé bí wọ́n bá gba olùkọ́ àfikún tó ń fọwọ́ sí ìwé àdéhùn ọdọọdún, àwọn ọmọ ń mọ̀wé sí i. Ìjọba fẹ́ ṣe é káàkiri orílẹ̀-èdè. Onímọ̀ ọrọ̀-ajé Tessa Bold àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ wá dán an wò ní ọ̀nà méjì lẹ́ẹ̀kan náà: ní àwọn ilé-ìwé kan, ẹgbẹ́ World Vision ló bójú tó o, ní àwọn mìíràn, ilé-iṣẹ́ ìjọba. Iṣẹ́ kan náà ni, irú olùkọ́ kan náà. Níbi tí ẹgbẹ́ náà ti bójú tó o, àwọn ọmọ tẹ̀ síwájú. Níbi tí ìjọba ti ṣe é, kò sí ìyàtọ̀ kankan. Owó oṣù tó ń pẹ́ wà lára ohun tí wọ́n rí nínú ìyàtọ̀ náà. Èyí kì í ṣe ẹ̀rí pé kí ẹ sá fún ìjọba. Ẹ ò lè dé ọ̀dọ̀ ọmọ tó pọ̀ láìsí ìjọba. Ẹ̀rí ni pé ohun tó so kíláàsì ró kì í tẹ̀ lé kíláàsì lọ fúnra rẹ̀ nígbà tí ọwọ́ bá yí padà.

Àpẹẹrẹ rere náà wà, tìjọba sì ni. Ẹgbẹ́ Pratham ní Íńdíà ní ọ̀nà kan tí wọ́n ń gbà kọ́ àwọn ọmọ tó ti dé kíláàsì kẹta sí karùn-ún láìmọ̀wé kà: ìmọ̀ ọmọ ni wọ́n fi ń pín wọn sí ẹgbẹ́, wọn kì í wo ọjọ́ orí. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ fi í lé ilé-ìwé ìjọba lọ́wọ́ ní àwọn ìpínlẹ̀ kan, pẹ̀lú ìdánilẹ́kọ̀ọ́ olùkọ́ àti ìwé nìkan, kò sí ohun tó yí padà. Ní ìpínlẹ̀ Haryana, wọ́n yí ọwọ́ padà. Wákàtí kan lójúmọ́ ni wọ́n yà sọ́tọ̀ fún un. Àwọn alábẹ̀wò ìjọba fúnra wọn sì kọ́kọ́ wọ kíláàsì lọ, wọ́n fi ọ̀nà náà kọ́ àwọn ọmọ fún bí ọjọ́ 15 sí 20 kí wọ́n tó máa lọ tọ́ olùkọ́ sọ́nà. Lọ́tẹ̀ yìí, ìwé kíkà àwọn ọmọ ní èdè Hindi lọ sókè. Ẹ ṣàkíyèsí ohun tí wọ́n fi kún un. Wọn kò gba olùkọ́ tuntun kankan. Ẹni tó ń bẹ olùkọ́ wò ni wọ́n tún ṣe, wọ́n sì jẹ́ kó mọ iṣẹ́ náà tọwọ́tọwọ́ kó tó máa kọ́ ẹlòmíràn.

Ibẹ̀ ni mo ti mú ìmọ̀ràn mi lórí ẹni tẹ́ ẹ máa yàn. Ẹ má gba alábẹ̀wò láti ìta nítorí pé ó ní ìwé-ẹ̀rí gíga. Ẹ mú un láàárín àwọn olùkọ́ yín tó dára jù, tó ti kọ́ni fún ọdún kan sí méjì. Yóò dùn yín, torí kíláàsì tó fi sílẹ̀ máa jìyà fún ìgbà díẹ̀. Ẹ gbà á bẹ́ẹ̀.

Lórí èdè àti àkókò, mi ò ní pẹ́ lọ títí, torí ó dà bíi pé ẹ ti mọ̀ ọ́n. Ètò School for Life, tó bẹ̀rẹ̀ ní àríwá Gánà ní 1995, fi oṣù mẹ́sàn-án péré kọ́ ọmọ ọdún 8 sí 14 ní ìwé kíkà àti ìṣirò, ní èdè abínibí wọn, lọ́sàn-án, pẹ̀lú ìsinmi nígbà tí iṣẹ́ oko bá pọ̀. Àwọn tó parí ń wọ ilé-ìwé ìjọba ní kíláàsì òkè. Láti nǹkan bí 2012, ìjọba Gánà fúnra rẹ̀ mú irú ètò yìí gbòòrò. Bí ilé-iṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ bá ní kí kíláàsì yín máa bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́jọ òwúrọ̀ kó lè bá ti ìyókù mu, ẹ kọ̀ jálẹ̀. Ọjọ́ tẹ́ ẹ bá gbà, àwọn ọmọ tẹ́ ẹ torí wọn bẹ̀rẹ̀ kò ní wá mọ́.

Mo wá dé ọ̀dọ̀ ọ̀rọ̀ akẹgbẹ́ yín, pé ilé-ìwé tálákà lẹ̀ ń kọ́. Ẹ má fojú kékeré wo ọ̀rọ̀ náà. Ó lè rí bẹ́ẹ̀ lóòótọ́, ó sì ti rí bẹ́ẹ̀ níbi púpọ̀. Íńdíà tún kọ́ wa lẹ́kọ̀ọ́ níhìn-ín. Ní 1997, ìpínlẹ̀ Madhya Pradesh bẹ̀rẹ̀ ètò kan tí mo fẹ́ràn gan-an: àdúgbò tó bá ní ọmọ 40, tàbí 25 níbi tí àwọn ẹ̀yà ìbílẹ̀ ń gbé, tí kò sì sí ilé-ìwé láàárín kìlómítà kan, lè béèrè ilé-ẹ̀kọ́, ìjọba sì gbọ́dọ̀ dáhùn láàárín ọjọ́ 90. Ilé-ẹ̀kọ́ yọ bí ìgbà tí ewé yọ lẹ́yìn òjò. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń ta kò ó ní ohun tí wọ́n ń sọ: owó olùkọ́ ibẹ̀ kéré gan-an sí ti olùkọ́ ìjọba, àwọn òtòṣì ni wọ́n sì ń fún ní olówó pọ́ọ́kú. Nígbà tí òfin ẹ̀tọ́ sí ẹ̀kọ́ jáde ní 2009, ilé-ìwé gidi ni irú ibi bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ dà.

Ìbéèrè tí mo máa ń bi ara mi nígbà tí mo bá wọ irú kíláàsì bẹ́ẹ̀ ni: ọmọ tó bá parí níhìn-ín, ibo ló ń lọ? Bí ìdáhùn bá wà, kíláàsì náà jẹ́ ọ̀nà. Bí kò bá sí, akẹgbẹ́ yín jàre. Ní Karamoja, ní Ùgáńdà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ètò ABEK ní 1998 fún ọmọ àwọn darandaran, kíláàsì ní kùtùkùtù kí ẹran tó jáde, àti ní ìrọ̀lẹ́ nígbà tí ẹran bá wọlé. Ó bá ìgbé ayé wọn mu tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn òbí fi gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn tó ti ibẹ̀ wọ ilé-ìwé gbogbogbòò kò pọ̀ tó bí wọ́n ti rò. Ilé-ìwé náà jìnnà, àkókò rẹ̀ kò bá ẹran mu, kò sì sí ẹni tó mú ọmọ lọ́wọ́ kọjá.

Ní Íjíbítì, wọ́n ti ṣe ọ̀nà náà láti ìpìlẹ̀. Ilé-ẹ̀kọ́ àdúgbò tí UNICEF àti ilé-iṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ bẹ̀rẹ̀ ní 1992, ní Asyut, Sohag àti Qena, jẹ́ iṣẹ́ àjọṣe. Àdúgbò ló pèsè yàrá. Ìjọba ló ń san owó olùkọ́, tó sì ń fún àwọn ọmọ ní ìwé. UNICEF ló bójú tó ìdánilẹ́kọ̀ọ́. Àwọn ọmọ náà ń jókòó fún ìdánwò ìjọba bíi ti gbogbo ọmọ yòókù, torí náà ìwé-ẹ̀rí wọn kì í ṣe ti àdúgbò lásán. Ní Bangladesh, nígbà tí ìdánwò àṣeparí ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 2009, àwọn ọmọ BRAC wọ inú gbọ̀ngàn kan náà. Indonéṣíà ní Paket A, B àti C, ètò ẹ̀kọ́ ẹ̀yìn odi ilé-ìwé tí òfin 2003 sọ pé ó dọ́gba pẹ̀lú ìwé-ẹ̀rí ilé-ìwé ní ìpele mẹ́ta. Filipínì sọ ètò tirẹ̀ di òfin ní 2020, Republic Act 11510. Mo to àwọn wọ̀nyí kí ẹ lè mọ̀ pé kì í ṣe ohun àrà ọ̀tọ̀ lẹ máa béèrè. Ìjọba tó bá fẹ́ 600 kíláàsì lè fi ìwé kan sọ pé ọmọ tó parí níbẹ̀ lẹ́tọ̀ọ́ sí àyè ní ilé-ìwé tó wà nítòsí, kíláàsì báyìí, láìsan owó.

Ìwé nìkan kò tó o. Ọmọ ọdún 13 tó bá wọ ilé-ìwé tuntun ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, tí kò ní aṣọ ilé-ìwé, tí wọ́n fi sáàárín àwọn ọmọ ọdún 8, kò ní pẹ́ kó tó padà sẹ́nu iṣẹ́. Ẹ jẹ́ kí olùkọ́ yín mú wọn lọ fúnra rẹ̀. Kí ọ̀gá ilé-ìwé náà ti mọ orúkọ wọn ṣáájú. Kí alábẹ̀wò yín tún lọ wò wọ́n lẹ́yìn oṣù kan, lẹ́yìn oṣù mẹ́ta. Nígbà tí ẹ bá ń ka iye ọmọ tẹ́ ẹ ti ràn lọ́wọ́, àwọn tó ṣì jókòó sí kíláàsì lẹ́yìn ọdún kan ni kí ẹ kà.

Nípa pé kí ìjọba fi owó náà tún ilé-ìwé tirẹ̀ ṣe, mo gbà pé ó gbọ́dọ̀ tún un ṣe. Ṣùgbọ́n ọmọ ọdún 12 tó wà níta lónìí kò lè dúró de àtúnṣe ọdún mẹ́wàá. Òun náà kò sì lè bá àwọn ọmọ ọdún 6 jókòó ní kíláàsì kìn-ín-ní, àní bí ilé-ìwé náà bá dára bí ààfin. Ohun tí mo lè fi tu akẹgbẹ́ yín nínú ni ohun tí BRAC máa ń ṣe: nígbà tí ọ̀wọ́ ọmọ kan bá parí, ilé-ẹ̀kọ́ yẹn máa ń pa, wọ́n á ṣí òmíràn níbi tí ọ̀wọ́ ọmọ mìíràn wà níta. Kò sí ìdí tí kíláàsì fi gbọ́dọ̀ wà títí láé. Bí ẹ bá rí i pé ọmọ ọdún 6 ti ń wá sọ́dọ̀ yín ní àdúgbò kan, kì í ṣe kíláàsì yín ló kù níbẹ̀, ilé-ìwé ni. Ẹ kọ ọ́ sí ìjọba bẹ́ẹ̀.

Owó wá ńkọ́? Ní Sẹ̀nẹ̀gà, láti àwọn ọdún 1990, ìjọba máa ń gbé owó kalẹ̀, àwọn ẹgbẹ́ ló ń ṣe iṣẹ́. Ó mú kí iṣẹ́ yára gbòòrò. Ó tún mú kí àwọn ẹgbẹ́ yọ láti ibi tí a kò mọ̀, tí wọn kò kọ́ ẹnikẹ́ni rí, tí owó ló pè wọ́n wá. Bí ẹ bá gbọ́ pé ẹgbẹ́ mìíràn máa gba lára 600 náà, ẹ ní kí wọ́n fi kíláàsì tó ti ń ṣiṣẹ́ hàn. Burkina Faso dá àpò kan sílẹ̀ ní 2002, FONAENF, tí ìjọba àti àwọn olùrànlọ́wọ́ jọ ń dá owó sí fún ẹ̀kọ́ ẹ̀yìn odi ilé-ìwé. Ó sàn ju kí olùrànlọ́wọ́ kọ̀ọ̀kan máa ṣe tirẹ̀ lọ. Síbẹ̀, ohun tí mo fẹ́ kí ẹ wá lójú méjèèjì ni ìlà tó wà nínú bọ́jẹ́ẹ̀tì ilé-iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀. Ètò tí owó òkè òkun nìkan gbé ró, kó tóbi tó báyìí, á sún kì nígbà tí owó náà bá yí ojú síbòmíràn. Ti BRAC pàápàá sún kì.

Nítorí náà, ẹ padà lọ bá wọn pẹ̀lú iye tó yàtọ̀. Ẹ ní ní ọdún kìn-ín-ní, 60: ọ̀wọ́ mẹ́rin, kíláàsì 15 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n sún mọ́ ara wọn débi tí alábẹ̀wò fi lè dé mẹ́ta lọ́jọ́ kan. Ẹ gba alábẹ̀wò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ní oṣù mẹ́ta ṣáájú ọjọ́ tí kíláàsì máa ṣí, kí àwọn náà kọ́ ọmọ fún oṣù kan nínú rẹ̀. Ní ọdún kejì, 150. Ní ọdún kẹta, 300. Ẹ lè dé 600 ní ọdún karùn-ún pẹ̀lú alábẹ̀wò 40 tí wọ́n ti inú iṣẹ́ náà jáde, tí wọ́n mọ̀ ọ́n. Bí wọ́n bá sọ pé ọdún mẹ́ta ni olórí wọn ti kéde, ẹ sọ fún wọn pé 300 tí ọmọ ti ń kàwé sàn fún ìkéde ju 600 tí oníròyìn lè wọ̀ kó bá ọmọ mẹ́rin nínú rẹ̀.

Kí ìwé àdéhùn náà sọ ọjọ́ tí owó olùkọ́ máa wọlé lóṣooṣù, kó sì sọ ẹni tó máa dáhùn bí ó bá pẹ́. Kó sọ àyè àwọn ọmọ ní ilé-ìwé ìjọba. Mo tún fẹ́ kí ohun kan wà níbẹ̀ tí ilé-iṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ kò ní fẹ́ràn. Ní ìparí sáà kọ̀ọ̀kan, kí ẹni tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ yín, tí kì í sì í ṣe tiwọn, fi ìbò mú kíláàsì kan nínú mẹ́wàá-mẹ́wàá. Kó dé ibẹ̀ láìsọ tẹ́lẹ̀, kó mú ọmọ mẹ́fà láti inú rẹ́jísítà, kó sì fún wọn ní ojú ìwé tí wọn kò rí rí. Bí ìdajì wọn kò bá lè kà á, kò sí kíláàsì tuntun kankan ní sáà tó tẹ̀ lé e ní agbègbè náà, títí tí alábẹ̀wò á fi ṣàlàyé ohun tó ṣẹlẹ̀ àti ohun tó ń ṣe sí i. Bí wọn kò bá gba èyí, ẹ dúró lórí 60.